Kíláàsì fáwọn tó ń tọ́ ọmọ tójú ẹ̀ ti rí màbo: ẹ lọ o

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ń ṣe fọ́stà, ìyẹn títọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé yín, ní London níbí, tí ajẹ́ńsì tó fọmọ sọ́dọ̀ yín bá ní irú kíláàsì yìí, ẹ má jẹ́ kó kọjá yín. Tèmi, ọ̀fẹ́ ni, orí Zoom, lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló gbé mi débẹ̀. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi máa ń kó búrẹ́dì, bísíkíìtì, kódà ìrẹsì tó ti tutù, sábẹ́ pílò, bẹ́ẹ̀ fíríìjì kún fọ́fọ́. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, olè la máa pe irú ẹ̀, pàṣán ló kàn. Tíṣà kíláàsì yìí ò pè é lólè. Ó ní níbi tọ́mọ yẹn ti wá, ẹni tí ò bá tọ́jú oúnjẹ pamọ́ lónìí lè má jẹ lọ́la, ọgbọ́n tí ò jẹ́ kébi pa á nìyẹn, ara ẹ̀ ni ò tíì gbà pé ilé tó wà báyìí yàtọ̀. Ó ní ká gbé agbọ̀n kékeré sí yàrá ẹ̀, ká máa fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti bísíkíìtì sí i, ká má bi í ní nǹkan kan. Mo ṣe é, kò dáwọ́ dúró lọ́sẹ̀ yẹn o, ṣùgbọ́n nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá tọrọ oúnjẹ fúnra ẹ̀, inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Irọ́ pípa náà, wọ́n ṣàlàyé ẹ̀: bóhùn àgbà bá ti lọ sókè, ọmọ yẹn á ti sọ "èmi kọ́" kó tó ráyè ronú, torí níbi tó ti wá, òótọ́ ló ń fa ẹgba. Ẹ jẹ́ kára ẹ̀ balẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó béèrè.

Wọ́n mẹ́nu ba ìwádìí tí àwọn dókítà méjì, Felitti àti Anda, ṣe ní San Diego, l'Amẹ́ríkà, láàárín 1995 sí 1997, àwọn àgbà tó lé ní 17,000, pé bí ìyà ìgbà èwe bá ṣe pọ̀ tó ni àìsàn ọkàn àti ìmukúmu ṣe ń pọ̀ tó tí wọ́n bá dàgbà. Ibẹ̀ ni màmá kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àwọn òbí ẹ̀ ń kàwé ní 1960s, wọ́n gbé e fún òyìnbó tọ́, títí dòní kì í lè sùn tílẹ̀kùn ò bá ṣí.

Ibi tí mi ò ti gbà pẹ̀lú wọn ni ti ojú. Wọ́n ní ọmọ tí kì í wo àgbà lójú, ẹ̀rù ló ń bà á. Rárá o, ọmọ tiwa tó bá ń wojú ẹni tó ń bá a wí, àfojúdi la kà á sí! Ó yẹ kí wọ́n máa béèrè ibi tọ́mọ ti wá ná.

Ẹ pe ọkọ yín jókòó tì yín, torí bí ìyá bá ń gbé agbọ̀n wọlé tí bàbá ń gbé e jáde, ìbẹ̀rù ọmọ á tún pọ̀ sí i ni. Kíláàsì ti Sátidé náà wà fáwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ẹ bi sóṣà wọ́kà yín, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ.