Ilé ìgbẹ̀bí tí wọ́n ti ń bi obìnrin léèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án

Ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ládùúgbò wa n'Ìbàdàn ni mo ti bí ọmọ mi kejì. Àwọn agbẹ̀bí tó níwèé-ẹ̀rí ló ń ṣe é, dókítà a sì máa yọjú. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí níbẹ̀, torí mo ti rí òdìkejì rẹ̀.

Níbi tí mo ti bí àkọ́bí mi, wọ́n ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ látìgbà tí mo dé títí ọmọ fi bọ́. Wọ́n gé mi lójú ara, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi; ìgbà tí wọ́n ń rán an ni mo mọ̀. Ọkọ mi wà níta géètì.

Níbí, nígbà tí oyún mi wọ oṣù méje, Mátírọ̀n mú bébà jáde, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń bi mí, wọ́n ń kọ ọ́. Ta ni mo fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi? Ṣé màá dùbúlẹ̀ ni, àbí màá kúnlẹ̀, àbí màá máa rìn? Bó bá di iṣẹ́ abẹ, ta ni káwọn pè? Mo ní ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ lọ́dọ̀ mi, kì í ṣe ìyá ọkọ mi. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ mi, tí màmá ọkọ mi dé tí wọ́n fẹ́ wọlé, Mátírọ̀n pàdé wọn ní kọ́rídọ̀, wọ́n kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n gbé àga fún wọn: "Màmá, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ̀yin la máa kọ́kọ́ gbé ọmọ fún." Màmá jókòó, wọ́n ń gbàdúrà.

Nínú kíláàsì tí wọ́n ń ṣe fún aláboyún ni mo ti gbọ́ pé láti 2018 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti kọ ọ́ síwèé pé kí obìnrin yan ẹni tó máa dúró tì í àti bó ṣe fẹ́ wà, kí wọ́n má sì sọ gígé ojú ara di àṣà. Wọ́n tún kọ́ wa lóhun tó yẹ kó lé wa wá kíá: ẹ̀jẹ̀, orí fífọ́ tójú fi ń ṣú, ọmọ tí kò mira mọ́.

Nígbà tí mo ń rọbí, mo kúnlẹ̀, mo di bẹ́ẹ̀dì mú. "Àǹtí, mo fẹ́ yẹ̀ yín wò o. Ṣé ká ṣe é báyìí, àbí kí ìrora yìí kọjá ná?" Gbogbo ìgbà ni agbẹ̀bí yẹn ń bi mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tọ́mọ bọ́, ó sọ fún mi pé abẹ́rẹ́ tí ò ní jẹ́ kẹ́jẹ̀ pọ̀ jù lòun fẹ́ gún mi. Ọmọ ti wà láyà mi kí wọ́n tó gé ìwọ́ rẹ̀.

Àléébù wọn: aṣọ lásán ló là wá láàárín ní wọ́ọ̀dù, ọjọ́ iṣẹ́ sì ni kíláàsì máa ń bọ́ sí. Èyí tó tóbi jù ni pé wọn ò ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Bọ́rọ̀ bá le, ọ̀nà UCH, ọsibítù ńlá ìjọba n'Ìbàdàn, ni. Wọn kì í fi í pamọ́. Àbúrò mi lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí wọ́n rí i pé ìbejì ló gbé, wọn ò gbowó rẹ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà fún un lọ sí ọsibítù ńlá, wọ́n sì kọ ohun tóun náà fẹ́ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ sínú rẹ̀.