Implant eyín: ara títánìọ́mù wo ló yẹ kí ẹ sanwó fún?

Bí dókítà eyín bá ti kọ iye owó implant fún yín, ìyẹn ìṣó kékeré tí wọ́n ń rì sínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti gbé eyín àtọwọ́dá lé, ẹ má tíì sanwó. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé, báwo ni wọ́n ṣe ṣe ara rẹ̀? Títánìọ́mù, irú irin kan, ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n ìta rẹ̀ ni egungun ń fọwọ́ bà, ibẹ̀ náà ni iye owó ti ń yàtọ̀.

Èyí tó ń dán ni àkọ́bí wọn. Irú rẹ̀ ni oníṣègùn Per-Ingvar Brånemark fi sí ẹnu aláìsàn rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Sweden lọ́dún 1965. Ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ, ó parí síbẹ̀. Egungun ń di mọ́ ọn lóòótọ́, àmọ́ wọ́n máa ń dúró tó oṣù 3 ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀, oṣù 6 ní tòkè, kí wọ́n tó gbé eyín lé e. Oore tirẹ̀ ni pé bí erìgì bá sún kúrò lára rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ìdọ̀tí kì í tètè lẹ̀ mọ́ ọn.

Èyí tí wọ́n fi hydroxyapatite bò, èròjà tó jọ ti egungun gan-an, máa ń tètè mú egungun. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi bo nǹkan lè ṣí kúrò, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí òmíràn. Èmi ò ní yàn án.

Èyí tí wọ́n ń pè ní SLA, ti ilé-iṣẹ́ Straumann ní Switzerland, ni mo fọkàn tán jù. Wọ́n á fi afẹ́fẹ́ fẹ́ yanrìn líle lù ú, wọ́n á wá rì í sínú ásíìdì. Yanrìn á dá ihò sí i, ásíìdì á tún dá ihò wẹ́wẹ́ sínú ihò. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní bó bá ṣe rí ṣákiṣàki tó ló dára tó. Ṣákiṣàki tó tó bíi máíkírómítà 1 sí 2 ni egungun fẹ́ (máíkírómítà 1 jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). Irun orí kan nípọn ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po 30. Bí egungun yín bá le, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ti tó láti dúró kí wọ́n tó gbé eyín lé e.

SLActive, tó jáde ní 2005, ihò kan náà ló ní. Inú omi iyọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, kí afẹ́fẹ́ má bàa kàn án. Ẹ kán omi sí SLA gbígbẹ, á ṣù rogodo bí omi orí ewé kókò. Ẹ kán an sí SLActive, á tàn kálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gun ara rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ni wọ́n ń sọ fún un.

Bí ẹ bá lè ní sùúrù oṣù kan sí i, tí egungun yín sì dára, ẹ mú SLA, kí ẹ fi owó tó ṣẹ́kù ṣe àyẹ̀wò erìgì lóòrèkóòrè. Ẹni tó ń mu sìgá tàbí tí ìtọ̀ súgà rẹ̀ ò tíì wálẹ̀, kó kọ́kọ́ yanjú ìyẹn. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ gba bébà kékeré tó ní orúkọ àti nọ́ńbà implant náà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ìlera yín, kí dókítà mìíràn lè mọ ohun tó wà lẹ́nu yín.