Tẹlifíṣọ̀n: Ká Gbé E Kọ́ Ògiri Ni, àbí Ká Gbé E Lé Tábìlì?

Mo ti lo méjèèjì. Ọdún mẹ́ta ni tẹlifíṣọ̀n wa fi wà lára ògiri, ṣùgbọ́n látìgbà tó ti já bọ́, orí tábìlì la gbé òmíràn sí. Ẹni tó bá ń gbèrò àtira háńgà, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ ògiri, tàbí tábìlì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó náwó.

Ohun tó ń mú kí háńgà wuni ò fara sin: ilẹ̀ á gbàyè, ọwọ́ ọmọdé ò sì ní tó o. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Àmọ́ nígbà tí mò ń ra tèmi, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló wà lẹ́yìn ọ̀dà ògiri mi.

Háńgà alápá ni mo rà, èyí tó ṣeé fà síwájú, tó ṣeé yí sọ́tùn-ún sósì. Sikúrù kúkúrú ni ẹni tó bá wa kàn án lò. Inú sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ni èyí tó pọ̀ jù nínú gígùn wọn mọ, díẹ̀ ló kan búlọ́ọ̀kù, búlọ́ọ̀kù ọ̀hún sì jẹ́ oníhò. Bẹ́ẹ̀, tí apá háńgà bá ti wà níwájú, ìwúwo tẹlifíṣọ̀n ò tẹ̀ sísàlẹ̀ nìkan mọ́. Ó ń fa sikúrù òkè jáde, bí ìgbà téèyàn ń fi irin yọ ìṣó lára pákó.

Àmì pé ó fẹ́ já bọ́ fara hàn wá, a ò kà á sí. Láràárọ̀ ni mò ń rí ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ lórí àpótí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo rò pé eruku lásán ni, mo ń fi àkísà nù ún, ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àṣé ògiri ló ń rún nídìí sikúrù. Lálẹ́ ọjọ́ kan la gbọ́ gbàmù! Sikúrù òkè méjèèjì fà yọ tòun ti rọ́bà tí wọ́n kì bọ inú ihò kí sikúrù lè dúró, ojú tẹlifíṣọ̀n fọ́ yángá. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò níbẹ̀ ni.

Tó bá jẹ́ pé ògiri náà lẹ ṣì fẹ́, ẹ fi ẹ̀yìn ìka kàn án. Bó bá ń dún bí ìlù, inú rẹ̀ ṣófo: tó bá jẹ́ ògiri bọ́ọ̀dù, àfi kí sikúrù wọ igi tó dúró nínú rẹ̀, tó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù oníhò, ẹ ra rọ́bà irú èyí tó ń là nínú ihò. Ẹ ní kí wọ́n fi sikúrù hàn yín kó tó wọlé. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ògiri pẹ́kípẹ́kí dára ju alápá lọ. Ìwúwo tí wọ́n kọ sára páálí háńgà gbọ́dọ̀ ju ti tẹlifíṣọ̀n lọ, kí àlàfo ihò mẹ́rin ẹ̀yìn rẹ̀, bíi mìlímítà 200 níbùú àti 200 lóròó, tàbí 400 níbùú àti 400 lóròó, sì bá ti háńgà mu. Ẹ má ṣe lu ihò sókè tàbí sísàlẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an, wáyà iná sábà máa ń gba ibẹ̀.

Tábìlì náà ní ewu tirẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n òde òní fẹ́lẹ́, ọmọdé kan lè fà á dojú dé ara rẹ̀. Ẹ wá tábìlì tó wálẹ̀, tó wúwo, tó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ tẹlifíṣọ̀n lọ, tí kò ní dúrọ́ọ̀ tọ́mọ lè fi ṣe àkàbà. Ẹ má gbé rìmóòtù tàbí ohun ìṣeré sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bẹ́líìtì méjì dè é láti ẹ̀yìn mọ́ ògiri tàbí mọ́ igi ẹ̀yìn tábìlì. Bẹ́líìtì kì í gbé ẹrù tọ̀sán-tòru bíi háńgà, ìgbà tẹ́nì kan bá fà á nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ìga: àárín ojú rẹ̀ ni kó dọ́gba pẹ̀lú ojú ẹni tó jókòó, ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́ ọ sókè jù, ọrùn á sì máa dùn wọ́n. Afẹ́fẹ́: méjèèjì nílò àlàfo lẹ́yìn. Kíkó kúrò nílé: tábìlì ò fi ihò sílẹ̀.

Ògiri tó le, háńgà pẹlẹbẹ, oníṣẹ́ tó mọṣẹ́: ẹ kọ́ ọ. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́ta yìí, ẹ gbé e lé tábìlì. Ní tèmi, ìparí oṣù ni mo máa ń fa bẹ́líìtì ẹ̀yìn wò, màá wá fọwọ́ ra orí tábìlì, bóyá ìyẹ̀fun funfun wà níbẹ̀.