Ìwé Ẹ̀rí Ọmọ Ìbílẹ̀ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ohun Tí Ojú Mi Rí

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin wọ yunifásítì lọ́dún tó kọjá, ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ní kó mú wá. Ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ọ̀kan nínú 33 tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, jìnnà díẹ̀ sí ibi tí a ń gbé. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ìwé yìí á gba lẹ́tà lọ́wọ́ baálẹ̀, á wọkọ̀ lọ sí sẹkitéríàtì, á sì jókòó de akọ̀wé tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní báyìí, ìjọba ìbílẹ̀ wa ti ní ojú òpó tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìwé yìí. Níbẹ̀, mo tẹ orúkọ ọmọ náà àti nọ́ńbà NIN rẹ̀, mo fi fọ́tò lẹ́tà baálẹ̀ ránṣẹ́, mo sanwó láti inú fóònù, rìsíìtì sì wọlé lójú ẹsẹ̀.

Orúkọ òbí ló dá wa dúró. Ẹ̀rọ náà máa ń wá a nínú àwọn rẹ́jístà àtijọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ní 1994 ni mo gba ìwé tèmi, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ orúkọ mi tí ẹ̀rọ ní òun kò rí i. Orúkọ ìdílé wa ní ṣ nínú. “S” lásán ni wọ́n fi kọ ọ́ sórí NIN mi, ṣùgbọ́n “sh” ni akọ̀wé ayé ìjọun kọ, nítorí náà ẹni méjì ni mo jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ ro iye ìdílé tó ń jẹ́ Adéṣínà tàbí Ṣówándé kí ẹ tó pe èyí ní ohun kékeré.

Obìnrin òṣìṣẹ́ kan ló yọ mí. Ó pè mí, ó ní: “Ẹ má bínú, sà. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lórí ìwé yín àtijọ́ fún mi.” Ó lọ ṣí rẹ́jístà gan-an, ó sì fi fọ́tò ojú ewé náà ránṣẹ́. Ikán ti jẹ igun rẹ̀ kan, tàdáwà ti ṣá, àmọ́ àtẹ̀ka àtàǹpàkò bàbá mi, tí wọ́n ti di olóògbé, ṣì hàn kedere lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi. Mo wò ó pẹ́.

Ọjọ́ kẹta ni ìwé ọmọ mi jáde, tòun ti àmì onígun mẹ́rin (QR code) níwájú rẹ̀, èyí tí àwọn yunifásítì ń fi fóònù yẹ̀ wò. Mo gba gbogbo èèyàn wa níyànjú láti lo ètò yìí. Ṣùgbọ́n ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 tún fi àkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, orúkọ kan náà ni wọn yóò sì máa wá níbẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí wọn pé kí ẹ̀rọ náà máa ka “s” àti “sh” sí ọ̀kan, kí àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà rí Yorùbá kà lójú òpó náà, kí wọ́n má sì da àwọn rẹ́jístà wọ̀nyẹn nù.