Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta táńkì ìgbẹ́ “tí kì í kún láéláé”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ sí abúlé tàbí ẹ̀yìn ìlú, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó biodigester, ìyẹn táńkì ìgbẹ́ tí wọ́n ń polówó yìí, fún ẹnikẹ́ni. ₦650,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa. Ihò lásán tí wọ́n fi kọnkéré bò lójú ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa.

Ẹ̀yìn Ìbàdàn ni ilé wa wà, níbi tí omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé. Omi kànga ni gbogbo àdúgbò ń mu. Orí Facebook ni ọkùnrin tó ta á fún wa ti ń polówó. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, “Mọ́mì, Mọ́mì” kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní sọ́ókàwéè, ihò tí omi ìgbẹ́ ń gbà wọlẹ̀, ti di nǹkan àtijọ́. Ó ní táńkì tòun kì í rùn, kòkòrò inú rẹ̀ ni yóò máa jẹ ìgbẹ́ náà tán, kò ní kún, a kò ní pe ọkọ̀ agbépòó títí a ó fi kú. Títí a ó fi kú! Bàbá àwọn ọmọ wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé ojúkòkòrò ló kó bá wa o. Ẹni tó bá kọ́ sọ́ókàwéè lásìkò yìí mọ ohun tí bulọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì, irin àti owó agbẹ́lẹ̀ ń jẹ. Ta ni yóò gbọ́ pé nǹkan tó dín owó wà, tí kò ní dúró gbọ́ ọ? Lóòótọ́, ó yẹ kí n bi í pé ibo ni omi yóò gbà lọ. N kò bi í, ó ń dùn mí di òní. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni púlọ́ńbà ni? Ẹni tó gbowó iṣẹ́ ló yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Òjò bẹ̀rẹ̀, omi tọ́ílẹ̀ẹ̀tì kò lọ mọ́. A pè é, ó ní kòkòrò ló kú, ká ra oògùn tí wọ́n ń dà sí i, ₦25,000. A rà á. Kò pẹ́, ó tún dí. Ó ní Izal tí a fi ń fọlé ló pa kòkòrò, ká tún ra òmíràn. A tún rà á! Ọjọ́ ìkómọ ọmọ-ọmọ wa ni ìgbẹ́ wá ń ru jáde lábẹ́ ìdérí, ó ń ṣàn bọ̀ wá sábẹ́ tẹ́ǹtì tí àwọn àna wa jókòó sí. Wọ́n gbé oúnjẹ wọn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń sún àga. Àwọn àna wa! Ìtìjú yẹn kò tíì kúrò lára mi.

Nígbà tí bíríkìlà mìíràn ṣí i, kò bá ògiri kankan láàárín, kò sí asẹ́, kò sí páìpù tí omi lè gbà jáde. Wọn kò tilẹ̀ rẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bulọ́ọ̀kù wọn, ọwọ́ lásán ló fi ń rún un. Ibi tí ilẹ̀ ti ga ju ti kànga wa lọ ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, kò jìnnà ju fífẹ̀ yàrá méjì lọ! Aládùúgbò wa ń bi wá ìdí tí omi kànga tirẹ̀ náà fi ń rùn. Kí la fẹ́ sọ fún un? Ṣé kí onígbáméjì wọlé kí wọ́n tó mọ̀ pé iṣẹ́ ibi ni wọ́n ṣe?

Kò sí táńkì ìgbẹ́ tí kì í kún. Kòkòrò tí ojú kò rí ń jẹ ìgbẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹrẹ̀ tí wọn kò lè jẹ ń jókòó sí ìdí táńkì, omi sì gbọ́dọ̀ ríbi lọ. Septic tank gidi máa ń ní yàrá méjì, ti àkọ́kọ́ tó ìlọ́po méjì èkejì, kí ìgbẹ́ lè rọ̀ sílẹ̀ kí omi tó kọjá sí sọ́ókàwéè. Bó bá tó ọdún 3 sí 5, wọ́n á fa ẹrẹ̀ rẹ̀. Sọ́ókàwéè gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga tó 30 mítà, kó wà níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju ti kànga lọ, kí ìdí rẹ̀ sì fi 1.5 mítà ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ nígbà òjò. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ amọ̀, ẹ kọ́kọ́ da omi sínú ihò, ẹ wò ó bóyá ilẹ̀ náà ń fà á mu. Ẹ pe wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ yín kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú táńkì tó ti ń ṣiṣẹ́, gáàsì inú rẹ̀ ń pààyàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ń gba ẹ̀sùn, a ti kọ̀wé sí wọn.

Àwọn kan á ní ojúlówó biodigester wà. Kó máa wà. Èmi kò gba ọ̀kankan nínú wọn gbọ́ mọ́, àtoníbiodigester, àti púlọ́ńbà tó júwe wọn fún wa, tó sì gba tirẹ̀ níbẹ̀. Olè ni gbogbo wọn lójú mi.

Ọkùnrin oníbiodigester náà ti dí nọ́ńbà wa. Ó ti yí orúkọ ojú ewé rẹ̀ lórí Facebook padà, àwọn fọ́tò kan náà ló ṣì ń lò, àwọn èèyàn sì ń béèrè iye lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti san àsansílẹ̀ fún irú wọn, ẹ má san ìyókù títí wọn ó fi ṣí i kí ẹ fojú ara yín rí inú rẹ̀.