Róbọ́ọ̀tì Gundam lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìṣeré: N ni àbí HO?

Ìwọ̀n ló lọ́rọ̀. N àti HO jẹ́ ìwọ̀n méjì tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ojú irin ìṣeré; N ló kéré jù. Gundam àkọ́kọ́, róbọ́ọ̀tì inú eré àwòrán Jàpáànì, mítà 18 ni wọ́n ní ó ga. Èyí tí Bandai, ilé iṣẹ́ ohun ìṣeré, ṣe ní 1/144 (ìdá kan nínú 144 ìwọ̀n gidi) ga tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, ọkọ̀ N ti Jàpáànì, 1/150 ni. Ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ wọn. HO ní tirẹ̀, 1/87 ni, róbọ́ọ̀tì 1/100 ló sì sún mọ́ ọn: yóò ga ní sẹ̀ǹtímítà 18 níbi tó ti yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 21. Lójú tèmi kò burú, àfi tí ẹ bá to ère èèyàn sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní ti owó, 1/144 máa ń dínwó. N gba orí tábìlì. HO sábà máa ń fẹ́ pátákó tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8.

Ṣùgbọ́n àlàfo àárín irin méjèèjì ojú irin N, mìlímítà 9 péré ló fẹ̀, eruku díẹ̀ ti tó láti dá ọkọ̀ dúró. HO, mìlímítà 16.5, rọ ọmọdé lọ́rùn. Róbọ́ọ̀tì ńlá ló sì wúwo: ẹ dè é mọ́lẹ̀, kó má baà wó lu ọkọ̀.

Ẹni tó ń gbé yàrá kan, tó fẹ́ to ìlú ńlá, kó mú N. Ẹni tó ti ní ọkọ̀ HO nílé, kó fi 1/100 kan ṣoṣo síbẹ̀.