Galette, mágásìn yuri tí àwọn tó ń yà á ló ni ín: àgbéyẹ̀wò fún ẹni tó fẹ́ kà á

Kí n ti sọ ibi tí mo fàbọ̀ sí: ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ má ra ẹ̀dà kan ṣoṣo. Galette kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tọ́ wò lẹ́ẹ̀kan kó sì ti mọ adùn rẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́rin tó tẹ̀ léra, ìyẹn ti odidi ọdún kan, ni ìwọ̀n tó yẹ. Màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Mágásìn manga, ìyẹn ìtàn alátàwòrán ilẹ̀ Jàpáánì, ni. Ọdún 2017 ló bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló sì ń jáde. Yuri ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn ìtàn ìfẹ́ láàárín obìnrin sí obìnrin. Òdòdó lílì ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Lọ́dún 1976 ni Itō Bungaku, olóòtú Barazoku, mágásìn tó wà fún àwọn ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin, fi "yurizoku", ẹ̀yà òdòdó lílì, pe àwọn obìnrin tó ń kọ̀wé sí i, láti ibẹ̀ sì ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ irú ìtàn yìí. Galette ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ àkàrà pẹlẹbẹ ilẹ̀ Faransé.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni ẹni tó ni ín. Ilé iṣẹ́ atẹ̀wéjáde ló sábà máa ń ni mágásìn manga ní Jàpáánì. Ilé iṣẹ́ náà a máa san owó fún ayàwòrán lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, genkōryō ni wọ́n ń pè é. Bí ìtàn bá wá di odidi ìwé, ayàwòrán a gba ìpín tirẹ̀ lórí iye tí wọ́n ń tà á, lọ́pọ̀ ìgbà nǹkan bíi 10 nínú 100. Ṣùgbọ́n olóòtú ló ní àṣẹ pé kí ìtàn máa lọ tàbí kó dúró, bí mágásìn bá sì kú, ìtàn inú rẹ̀ di ọmọ òrukàn. Ẹni tó ti ń ka yuri tipẹ́ mọ bí èyí ṣe ń dunni tó. Mágásìn yuri kan, Yuri Shimai, bẹ̀rẹ̀ ní 2003, kò pé ọdún méjì tó fi dúró. Tsubomi ti ilé iṣẹ́ Houbunsha bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ó parí ní 2012. Hirari ti Shinshokan bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ó parí ní 2014. Comic Yuri Hime ti Ichijinsha, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ gbọin-in nínú wọn.

Ní Galette, àwọn ayàwòrán fúnra wọn ló ń pinnu ohun tí wọn yóò yà, àwọn ló ń tò ó, àwọn ló ń gbé e jáde, owó àwọn òǹkàwé tó ń tì wọ́n lẹ́yìn sì wà lára ohun tó mú un dúró. Momono Moto, Morinaga Milk àti Hakamada Mera wà lára àwọn tí ẹ ó bá pàdé nínú rẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ọmọ àná nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ ó rí àǹfààní òmìnira náà nínú ìtàn fúnra rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ oṣù pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó ń gbé pa pọ̀, tí wọ́n ń pín owó ilé, tí wọ́n ń bínú síra wọn lórí ẹni tó yẹ kó fọ abọ́. Ìtàn ọmọ ilé ìwé náà wà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló gba gbogbo ilé. Kò sí ẹni tó ń fi ipá gbé ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá sí ìparí orí kọ̀ọ̀kan kí òǹkàwé má bàa sá lọ. Orí kan lè parí níbi tí obìnrin méjì ti jókòó tí wọ́n ń mu tíì láìsọ nǹkan kan, ó sì tó. Ohun tí mo fi fẹ́ràn mágásìn yìí jù nìyẹn. Ìfẹ́ àgbàlagbà wà nínú rẹ̀ o, ẹ má fà á lé ọmọdé lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò tó fi hàn pé ẹ̀dà mẹ́rin ló yẹ. Ká ní orí kan ní ojú ìwé 24, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, 96 nìyẹn. Ìwé manga kan, tankōbon, sábà máa ń ní ojú ìwé 160 sí 180. Nítorí náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí ìtàn kan tó kún ìwé kan, nígbà tí mágásìn olóṣooṣù yóò parí rẹ̀ láàárín oṣù méje sí mẹ́jọ. Bí ẹ bá ra ẹ̀dà kan ṣoṣo, àárín ọ̀nà lẹ ó ti bá ìtàn tó pọ̀ jù. Bí ẹ bá sì ń rà á bó ṣe ń jáde, kí oṣù mẹ́ta tó pé ẹ ó ti gbàgbé pé ta ni ẹ̀gbọ́n ta ni. Ẹ kó mẹ́rin jọ, kí ẹ mú ìtàn kan, kí ẹ kà á láti inú ẹ̀dà kan bọ́ sí èkejì, kí ẹ tó mú òmíràn. Adùn rẹ̀ á yàtọ̀ pátápátá. Bí ayàwòrán kan bá ṣàìsàn, orí tirẹ̀ lè má jáde, oṣù mẹ́ta á sì di mẹ́fà. Ibi tí mágásìn kékeré ti ń rọ ni nìyí, kò sì sí oògùn rẹ̀ ju sùúrù lọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ojú ìwé tí wọ́n to àkóónú sí, mokuji. Kódà ẹni tí kò gbọ́ Jàpáánì lè mọ àmì mélòó kan dá sí níbẹ̀. 新連載, shinrensai, ni ìtàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. 読み切り, yomikiri, ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí sínú ẹ̀dà kan náà, òun sì ni kí àlejò kọ́kọ́ kà. 最終回, saishūkai, ni orí ìkẹyìn. Ẹ yẹra fún un bí ẹ kò bá tíì ka èyí tó ṣáájú, nítorí ó máa ba adùn jẹ́. 休載, kyūsai, túmọ̀ sí pé ìtàn náà kò sí nínú ẹ̀dà yìí. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé tó gbẹ̀yìn orí, つづく, tsuzuku, ń sọ pé ó kù. おわり, owari, ń sọ pé ó tán.

Ní ti kíkà, ibi tí àwa ń pè ní ẹ̀yìn ìwé ni iwájú rẹ̀. Igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì parí ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Àpò ọ̀rọ̀, róbótó funfun tí wọ́n ń kọ ohùn sí, bákan náà ni: tọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Inú àpò náà, òkè lọ sí ìsàlẹ̀ ni lẹ́tà ń lọ, ìlà tó wà lọ́tùn-ún ló ṣáájú. Àṣìṣe tí àlejò máa ń ṣe jù ni pé bí àpótí gígùn kan bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún tí kékeré méjì sì wà lórí ara wọn lọ́wọ́ òsì, wọ́n á ka kékeré òkè kí wọ́n tó ka gígùn. Gígùn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ tó wá ka méjì òsì látòkè wá sí ìsàlẹ̀. Bí ìdáhùn bá dà bí ẹni pé ó ṣáájú ìbéèrè, ẹ ti ṣì í kà nìyẹn.

Ojú ìwé méjì tí wọ́n ya àwòrán kan ṣoṣo sí nílò àmójútó. Bó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń kà á, ẹ dá a dùbúlẹ̀ kí méjèèjì lè hàn pa pọ̀. Áàpù ilé ìtàwé sábà máa ń mọ èwo ló bá èwo dọ́gba, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ PDF lẹ ń kà, áàpù PDF á tò ó láti òsì lọ sí ọ̀tún, àwòrán á sì pín sí méjì: ìdajì ojú obìnrin kan níhìn-ín, ìdajì tó kù lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yí i sí ọ̀tún-sí-òsì, kí ẹ sì jẹ́ kí èèpo iwájú dá dúró ní òun nìkan. Bí èèpo bá wọ inú ìṣirò méjì-méjì, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ló máa yẹ̀ ní ojú ìwé kan.

Irú ẹ̀rọ tí ẹ ó fi kà á ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Ìwọ̀n B5 ti Jàpáánì, tí mágásìn manga sábà máa ń lò, jẹ́ mìlímítà 182 sí 257. Ojú ẹ̀rọ ìkàwé oní-íǹṣì 6 fẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 90, ìdajì B5 nìyẹn. Lẹ́tà inú àpò ọ̀rọ̀ sábà máa ń ga tó mìlímítà 4 sí 5 lórí bébà. Furigana, lẹ́tà wínníwínní tó ń sọ bí a ṣe ń pe kanji (àmì ọ̀rọ̀ tí Jàpáánì yá lọ́wọ́ Ṣáínà), jẹ́ ìdajì ìyẹn. Lórí íǹṣì 6, furigana á ṣẹ́kù bíi mìlímítà 1. Ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ èdè náà kò lè rí i kà láìfi ìka na ojú ìwé, ẹ ó sì máa nà án ní gbogbo ìgbà títí yóò fi sú yín. Tábúlẹ́ẹ̀tì oní-íǹṣì 10 ni mo dámọ̀ràn. Bó bá jẹ́ fóònù lẹ ní, ẹ ṣì lè gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbà pé ojú ìwé kan yóò gba ìṣẹ́jú kan tàbí méjì.

Rírà rẹ̀ kò le, bí ẹ bá mọ ọ̀fìn tó wà lójú ọ̀nà. Kindle, ìtàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti Amazon, ti Jàpáánì yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà, ohun tí ẹ bá rà ní ọ̀kan kò ní hàn ní èkejì, ẹ̀rọ Kindle kan sì ń jẹ́ ti àkáǹtì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣọ́ra, bí ẹ bá yọ ẹ̀rọ kúrò lórí àkáǹtì àtijọ́, ìwé tí ẹ ti dáńlóòdù sórí rẹ̀ á pòórá kúrò níbẹ̀, àfi bí ẹ bá padà sí àkáǹtì yẹn. Ó sàn kí ẹ lo áàpù lórí tábúlẹ́ẹ̀tì fún ti Jàpáánì, kí ẹ fi ẹ̀rọ ìkàwé sílẹ̀ fún ìyókù. BOOK☆WALKER, ìtàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì mìíràn, náà ní ojúlé Jàpáánì àti ojúlé àgbáyé. Ti Jàpáánì ni kí ẹ wò, kí ẹ wá ガレット, nítorí pé orúkọ tí a fi lẹ́tà tiwa kọ lè kó ìwé àkàrà jáde. Ẹ ka àpẹẹrẹ ọ̀fẹ́ kí ẹ tó rà. Ẹ̀dà kan lè tó 100 MB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwòrán ni gbogbo rẹ̀. Ẹ fi Wi-Fi dáńlóòdù rẹ̀, dátà fóònù á jó tán.

Torí pé àwòrán ni, ẹ kò lè fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kan kí ìwé atúmọ̀ dáhùn. Kámẹ́rà fóònù tó ń túmọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń lò, ṣùgbọ́n ó máa ń da ìlà rú: á ka ìlà òsì ṣáájú ti ọ̀tún. Ẹ ya àpò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ẹ má ya odidi ojú ìwé. Àṣìṣe kejì ló burú jù fún yuri. Jàpáánì kì í sábà dárúkọ ẹni tó ṣe nǹkan, ẹ̀rọ á wá méfò, á sì fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin sí i bó bá ń túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Lójijì, ọkùnrin tí kò sí nínú ìtàn yóò yọ láàárín obìnrin méjì. Ẹ mú un wá sí Yorùbá lọ́kàn yín: "ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀." "Ó" tiwa kò sọ ọkùnrin, kò sọ obìnrin, ó sì bá ti ìtàn mu ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ohun kan tún wà tí Yorùbá mú kó rọrùn. Nínú irú ìtàn yìí, ìgbà tí obìnrin kan kọ́kọ́ yọ "-san", àfikún ọ̀wọ̀, kúrò lẹ́yìn orúkọ èkejì, tó wá pè é ní orúkọ àbísọ lásán, ni ìlẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀rọ kì í túmọ̀ rẹ̀ rárá. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnì kan kúrò lórí "ẹ" tó bọ́ sí "o" yóò mọ ìdí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni yẹn fi pọ́n nínú àpótí tó tẹ̀ lé e. Àwọn ohùn tí wọ́n kọ gàdàgbà sára àwòrán náà, ẹ má fò wọ́n. ドキドキ, dokidoki, ni àyà tó ń lù kì-kì-kì. シーン, shiin, ni kí ibi gbogbo pa lọ́lọ́. ニコニコ, nikoniko, ni ẹ̀rín músẹ́. ぎゅっ, gyu, ni kí wọ́n dì mọ́ra gbágbá. Katakana àti hiragana, lẹ́tà Jàpáánì tó ń dúró fún ìró, ni wọ́n fi kọ wọ́n, kò sí kanji níbẹ̀, nítorí náà ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bá fi kọ́ lẹ́tà wọ̀nyẹn ti tó láti gbọ́ ohùn ìtàn kí ẹ tó mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bóyá yóò bá yín lára mu kí ẹ tó wọ inú Jàpáánì, ọ̀kan nínú ìtàn tó jáde nínú rẹ̀, Watashi no Kawaii Koneko-chan ti Morinaga Milk, ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ atẹ̀wéjáde Seven Seas, My Cute Little Kitten ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin méjì tó ń gbé pa pọ̀ àti ọmọ ológbò kan ni. Ẹ ka ìwé àkọ́kọ́. Bí ìrìn jẹ́jẹ́ rẹ̀ bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ padà wá ra ẹ̀dà mẹ́rin. Bó bá sì sú yín, Yuri Hime olóṣooṣù ni kí ẹ lọ kà.